Ẹ Má Tíì Pa Káàdì Yẹn Rẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ẹ̀rọ sọ ní Kétu, nílẹ̀ Benin, nìyí, lórí kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń pè ní Raspberry Pi, tàbí Pi lásán. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, mi ò tún un ṣe púpọ̀.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, mo dọ̀bálẹ̀ kí yín o. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Àjàṣẹ́ wá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Ṣábẹ̀ẹ́ wá, ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú eruku. Kábíyèsí Alákétu, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú yín gbé kọ̀ǹpútà kékeré yín dání nínú ọ̀rá, inú mi dùn, a máa dé orí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n bi yín ní ìbéèrè kan ná. Ta ló ti so Raspberry Pi mọ́ iná rí, tó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò sí skríìnì, kò sí kíbọ́ọ̀dù, tó wá jókòó sídìí lápútọ́ọ̀pù, tó tẹ àdírẹ́ẹ̀sì Pi sínú VNC, ètò tó ń gbé ojú skríìnì ẹ̀ wá báni láti òkèèrè, tó jẹ́ pé ojú dúdú kirikiri ló dá a lóhùn? Ẹ nawọ́ sókè. Háà! Ẹ pọ̀ o. Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀. Kí lẹ wá ṣe? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, mo gbọ́ o! Ó ní òun yọ káàdì mẹ́mórì tí ètò Pi wà nínú ẹ̀, òun pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, òun tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀yin náà lẹ ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Tó bá tún dúdú ńkọ́? Ẹ tún pa á rẹ́. Tó bá tún dúdú? Ẹ ní ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́, ẹ jù ú sínú dúrọ́ọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá fún yín lónìí. Ẹ má tíì pa káàdì yẹn rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ti dúró.

Ẹnì kan lè ní, kí ló dé tá ò kúkú ra skríìnì? Owó ńkọ́? Skríìnì lè wọ́n ju Pi fúnra ẹ̀ lọ, Pi 4 sì tún ní ẹnu HDMI kékeré tí wáyà tẹlifíṣọ̀n ilé yín ò lè wọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ yìí jáde ní Cambridge lọ́hùn-ún, lọ́jọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2012, ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé kí ọmọdé so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kó máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ẹ tún wá wò ó o, VNC tá a fi ń wo ojú ẹ̀ láti òkèèrè yìí, Cambridge náà ló ti wá, inú yàrá ìwádìí Olivetti ni wọ́n ti ṣe é kí ọdún 2000 tó dé. Ìlú kan náà ló bí àwọn méjèèjì, ìjà wọn ló wá ń pa wá lórí níbí.

Iná ni ká kọ́kọ́ wò

Ẹ̀rọ yìí ò ní ẹnu, àmọ́ ọ̀pọ̀ irú ẹ̀ ní iná wẹ́wẹ́ méjì lára. Pupa ń sọ pé iná ti wọlé. Èyí tó ní àwọ̀ ewé máa ń ṣẹ́jú tó bá ń ka káàdì. Tó bá jẹ́ pupa nìkan lẹ rí, tí àwọ̀ ewé ò ṣẹ́jú rárá, ẹ má wulẹ̀ ṣí VNC, kò tíì jí. Bóyá káàdì ò wọlé dáadáa, bóyá ohun tẹ́ ẹ kọ sí i ò pé. Ibí yìí nìkan ni mo ti gbà fún yín pé kẹ́ ẹ tún káàdì kọ. Tó bá ń ṣẹ́jú, ẹ ní sùúrù, torí nígbà àkọ́kọ́ tó bá jí, ó máa ń na ara ẹ̀ kún gbogbo àyè inú káàdì, á tún ara ẹ̀ pa, á tún ara ẹ̀ tàn, ẹ lọ mu ẹ̀kọ kẹ́ ẹ tó padà wá.

Iná lè wọlé kó má tó o. Pi 3 ń fẹ́ volt 5 àti amp 2.5, Pi 4 ń fẹ́ amp 3, Pi 5 ní tiẹ̀, amp 5 ló ń jẹ kó tó yó. Ẹ wá lọ mú ṣájà fóònù àtijọ́ tó jẹ́ amp 1, ẹ fi wáyà pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tẹ́ ẹ rà létí títì so ó. Ó máa tàn! Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Ó máa tàn, VNC máa ṣí, ẹ máa yọ̀, ẹ ó wá ṣí bíráúsà, gbogbo ẹ̀ á já. Ẹ ó ní kọ́nẹ́síọ̀n ni, ẹ ó máa bú ẹni tó ń ta mégà, ìyẹn dátà, fún yín. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju èje lọ. Bí iná bá ti bọ́ sábẹ́ volt 4.63, ẹ̀rọ yìí máa ń fi àmì mànàmáná sí kọ̀rọ̀ skríìnì kẹ́ ẹ lè mọ̀, àmọ́ skríìnì wo? Ẹ ò ní skríìnì! Nítorí náà ẹ fẹnu bi í, ẹ gba SSH wọlé, ọ̀nà tá a fi ń kọ àṣẹ sí Pi láti òkèèrè, a máa dé orí ẹ̀, ẹ wá kọ vcgencmd get_throttled. Tó bá dáhùn pé 0x0, àlàáfíà ni. Tó bá ní 0x50000, ebi iná ti pa á rí láti ìgbà tó ti jí. Tó bá ní 0x50005, ebi ń pa á lọ́wọ́lọ́wọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ wá wáyà tó nípọn.

Iná ìlú tó ń lọ tó ń bọ̀ ńkọ́? Ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Tó bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sí káàdì, ó lè ba káàdì jẹ́. Ẹ̀yin náà sì máa ń fà á yọ gbìì bíi pé fáànù ni. Ẹ kọ sudo poweroff, kí àwọ̀ ewé dákẹ́, kẹ́ ẹ tó fà á.

Ṣé orí wàífáì kan náà lẹ wà?

Ibí ni mo máa pẹ́ sí, torí ibí ni ọ̀pọ̀ yín ń ṣubú sí.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní Àjàṣẹ́, ó gbé Pi sínú ilé adìẹ ẹ̀ kó lè máa mọ bí ooru ibẹ̀ ṣe rí. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní àbúrò, VNC ti bàjẹ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ kú alẹ́, lápútọ́ọ̀pù yín, orí kọ́nẹ́síọ̀n wo ló wà? Ó ní hotspot fóònù òun. Mo ní Pi ńkọ́? Ó ní àh, wàífáì ilé kẹ̀. Mo ní ẹ kó àwọn méjèèjì sórí ọ̀kan. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní wọ́n ti ríra, ó ní o ṣeun, ó gé fóònù.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì àwọn méjèèjì. Tí ti lápútọ́ọ̀pù bá jẹ́ 192.168.1.20, tí ti Pi sì jẹ́ 192.168.43.7, ẹ wo nọ́ńbà kẹta yẹn, 1 àti 43, nínú ilé tiwa wọn kì í ṣe ará ilé kan náà. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé hotspot fóònù lẹ fi ń ṣe gbogbo ẹ̀, ẹ gbọ́ o, fóònù òde òní máa ń pààrọ̀ nọ́ńbà yẹn bẹ́ ẹ bá ti pa hotspot tẹ́ ẹ tún tan án, torí náà àdírẹ́ẹ̀sì tẹ́ ẹ kọ sára ògiri lánàá lè má ṣiṣẹ́ lónìí, kì í ṣe pé Pi kú. Ẹ pè é ní orúkọ, ẹ kọ raspberrypi.local, tàbí orúkọ yòówù tẹ́ ẹ fún un, kẹ́ ẹ sì fi .local sí i nídìí. Tí kò bá jẹ́ orúkọ yẹn, ẹ wọ inú fóònù níbi hotspot, ẹ máa rí àwọn tó so mọ́ ọn níbẹ̀. Tí ẹ ò bá rí Pi nínú wọn, Pi ò tíì wọ wàífáì rárá nìyẹn, VNC ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fi VNC lọ́rùn sílẹ̀.

Kí ló lè ní kó má wọ wàífáì? Ó pọ̀. Pi 3B àti Zero W ò mọ̀ ju wàífáì 2.4GHz lọ, tí fóònù yín bá gbé hotspot sórí 5GHz, wọn ò ní rí i títí ayé, ẹ lọ yí i padà nínú fóònù, iPhone ní ibi tí wọ́n kọ Maximize Compatibility sí, ẹ tan ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ gbọ́dọ̀ sọ orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ wà fún Pi, torí òfin wàífáì ò dọ́gba káàkiri ayé, tẹ́ ẹ ò bá sọ ọ́ ó lè ti wàífáì pa pátápátá. BJ ni ti Benin tiwa. Orúkọ hotspot náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní orúkọ tó rọrùn, kò ní àmì lórí, kò ní àpọ́sítírọ́fì, kò ní ọkàn pupa àti ẹ̀rín. Mo rí ẹnì kan tó fi èmójì mẹ́rin sórúkọ hotspot, ó wá ń bi mí pé kí ló ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tó ń bí mi nínú díẹ̀. Ẹ ń wo fídíò ọdún 2019, wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ fáìlì kan tó ń jẹ́ wpa_supplicant.conf, kẹ́ ẹ jù ú sínú káàdì. Òótọ́ ni nígbà yẹn. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023 tí Bookworm, ẹ̀dà kan Raspberry Pi OS tó ń mú Pi ṣiṣẹ́, ti jáde, NetworkManager ló ń ṣètò wàífáì, fáìlì tẹ́ ẹ kọ yẹn, kò tiẹ̀ wojú ẹ̀. Ẹ lo Raspberry Pi Imager, ètò tá a fi ń kọ káàdì, ó máa bi yín ní orúkọ wàífáì, ọ̀rọ̀ aṣínà, orílẹ̀-èdè, orúkọ yín, kó tó kọ káàdì. Ẹ dáhùn gbogbo ẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má sáré tẹ Next, Next, Next.

Tí gbogbo ẹ̀ bá sú yín, ẹ fi wáyà ẹ́tánẹ́ẹ̀tì so ó mọ́ ẹ̀rọ wàífáì ilé. Tó bá yọjú, ẹ ti mọ̀ pé ara ẹ̀ le, wàífáì nìkan ló ń ṣàìsàn.

Ohùn mẹ́ta tí SSH fi ń dáhùn

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí mo fẹ́ràn jù. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan VNC, ẹ ṣí terminal, ibi tá a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ kọ ssh, orúkọ yín, @, àdírẹ́ẹ̀sì Pi. Ẹ wá fetí sílẹ̀.

Kétu la wà yìí, ta ni ò mọ Àkàbà Ìdénà, ẹnu ibodè àtijọ́ yẹn, níbí? Láyé ogun, ẹni tó bá fẹ́ wọ ìlú, ẹnu ibodè ló ní láti gbà. Pi náà ní odi, ó ní ibodè, àmọ́ ibodè tiẹ̀ pọ̀, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n. SSH ń gba 22. VNC ń gba 5900. xrdp, ọ̀nà mìíràn tá a fi ń wo Pi láti òkèèrè, ń gba 3389. Tẹ́ ẹ bá kanlẹ̀kùn, tó bá dákẹ́ títí tó wá ní timed out, ẹ ò tíì dé ìdí odi, ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ iná àti wàífáì. Tó bá ní refused, ẹ ti dé o! Ìlú wà níbẹ̀, èèyàn wà nínú ẹ̀, ibodè yẹn ni ò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. SSH ò tíì tàn nìyẹn, torí láti oṣù Kọkànlá ọdún 2016 ni wọ́n ti ń tì í pa tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ṣí i, ẹ fi fáìlì òfìfo tó ń jẹ́ ssh sínú apá boot káàdì yẹn, ẹ tún un tàn. Tó bá wá ní permission denied, ẹ jó! Ẹ jó, mo ní kẹ́ ẹ jó! Iná dáa, wàífáì dáa, SSH dáa, orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ló kù.

Ẹ wá rí ìyàtọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ẹ máa ń pè mí, ẹ ní kò ṣiṣẹ́. Mo ní kí ló sọ? Ẹ ní ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣá. Gẹ̀ẹ́sì yẹn gan-an ni mo fẹ́ gbọ́!

Orúkọ ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń tẹ pi àti raspberry, wọ́n ti yọ orúkọ yẹn kúrò ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, orúkọ tẹ́ ẹ fúnra yín dá nìkan ló mọ̀.

Olùkọ́ líséè, ilé ẹ̀kọ́ girama, kan wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó yá skríìnì àti kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ó dá orúkọ, ó dá ọ̀rọ̀ aṣínà, ó dá skríìnì padà. Ó délé, ó fẹ́ fi SSH wọlé, permission denied. Ó tún tẹ̀ ẹ́, denied. Ó ní òun ò gbàgbé o, òun kọ ọ́ sínú ìwé. Òótọ́ ló sì ń sọ! Kí ló ṣẹlẹ̀? Kíbọ́ọ̀dù ilẹ̀ wa yìí, AZERTY àwọn Faransé ni. Pi ní tiẹ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì ló gbà pé wọ́n so mọ́ òun. Ibi tí olùkọ́ ti tẹ A, Q ni Pi kọ sílẹ̀. Ibi tó ti tẹ Z, W ni. Ká ní ó tẹ baba, bqbq ni Pi tọ́jú, kò sì lè rí i torí ìràwọ̀ nìkan ló ń hàn lójú skríìnì. Mo ní Ọ̀gá, ẹ fi Q rọ́pò A. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wọlé, ó kígbe débi pé ìyàwó ẹ̀ sáré wọ yàrá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, tẹ́ ẹ bá ti wọlé, ẹ kọ sudo raspi-config, ẹ lọ síbi Localisation, ẹ fún un ní kíbọ́ọ̀dù Faransé, torí nínú VNC náà ẹ ṣì máa bá ìjà A àti Q yìí pàdé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti pa káàdì rẹ́ tẹ́ ẹ tún un kọ, ẹ máa rí lẹ́tà ńláńlá pé REMOTE HOST IDENTIFICATION HAS CHANGED. Ẹ má bẹ̀rù, kò sí olè. Lápútọ́ọ̀pù yín rántí Pi àtijọ́ ni. Ẹ kọ ssh-keygen -R àti àdírẹ́ẹ̀sì yẹn, ó máa gbàgbé ẹ̀.

Ojú dúdú fúnra ẹ̀

A ti wà nínú ilé báyìí. Gbogbo ìbéèrè tẹ́ ẹ bá ní, ẹ lè bi Pi fúnra ẹ̀. Ṣé VNC tàn? Ẹ wọ raspi-config, Interface Options, VNC, ẹ tan án. Ṣé ó ń ṣọ́ 5900 lóòótọ́? Ẹ kọ ss -tln, ẹ wá 5900 níbẹ̀. Tí ò bá sí, ẹ kọ journalctl -b, àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó ṣe láti ìgbà tó ti jí ló wà níbẹ̀, ó máa gùn, ẹ kàn wá ibi tí wọ́n ti dárúkọ vnc.

Ẹ tún bi ara yín, irú Raspberry Pi OS wo lẹ kọ sí káàdì? Tó bá jẹ́ Lite, kò sí desktop, ojú alawòrán tá à ń tẹ̀, nínú ẹ̀ rárá! Kí lẹ fẹ́ kí VNC fi hàn yín? Ọ̀pọ̀ ń mú Lite torí pé kì í jẹ mégà púpọ̀ láti wà á jáde, ó dáa, àmọ́ ẹ ó máa bá a ṣe é lórí SSH ni.

Tó bá jẹ́ èyí tó ní desktop, tí VNC wọlé, tó wá kọ Cannot currently show the desktop sí yín lójú, ẹ dúró kí n ṣàlàyé, torí èyí ló pa ọ̀pọ̀ káàdì. VNC yìí kì í ya àwòrán fúnra ẹ̀, èyí tí Pi ń yà sórí skríìnì ló ń dà kọ ránṣẹ́ sí yín. Pi wá jí, ó yẹ ẹnu HDMI wò, kò rí skríìnì, ó ní ta ni mo fẹ́ yàwòrán fún? Kò yà á. VNC ò rí nǹkan dà kọ. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ o! Ẹ kàn sọ fún un pé kó máa ṣe bíi pé skríìnì wà. Nínú raspi-config, Display Options, ẹ máa rí VNC Resolution, ẹ yan ìwọ̀n kan, ẹ tún un tàn. Lórí àwọn ti àtijọ́, inú config.txt la ti ń kọ hdmi_force_hotplug=1. Lórí àwọn tuntun, cmdline.txt tó wà nínú /boot/firmware lẹ máa ṣí, ẹ fi video=HDMI-A-1:1024x768@60D kún un, orí ìlà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ náà ni o, ẹ má tẹ Enter, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di ìlà méjì ó lè má jí mọ́. Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: nígbà tí Pi ṣì wà lórí tábìlì yín ni kẹ́ ẹ ti ṣe èyí, kì í ṣe ìgbà tó bá ti wà lórí àjà ilé adìẹ.

Ohun mìíràn tún dé pẹ̀lú Bookworm. Lórí Pi 4 àti Pi 5, wọ́n kó desktop lọ sórí Wayland, ètò tuntun tó ń yàwòrán ojú skríìnì, wọ́n yọ ti RealVNC tó ń dáhùn nínú Pi, wọ́n fi wayvnc rọ́pò ẹ̀. Lápútọ́ọ̀pù tó ti ń fi RealVNC Viewer wọlé wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀. Ẹ gbìyànjú TigerVNC, ètò mìíràn tá a fi ń wo VNC lórí lápútọ́ọ̀pù, òun àti wayvnc gbọ́ ara wọn. Tẹ́ ẹ bá kọ̀ jálẹ̀ pé ti àtijọ́ lẹ fẹ́, ẹ wọ Advanced Options nínú raspi-config, ẹ dá a padà sí X11, ètò tó ń yàwòrán tẹ́lẹ̀. Èmi ò ní bá yín jà.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, xrdp náà wà. Òun ní tiẹ̀ ń ya desktop tuntun fún yín, kò nílò skríìnì. Àmọ́ ó ní ìkà kan nínú: tí orúkọ kan náà bá ti wà lórí desktop Pi nílé, torí pé Pi máa ń wọlé fúnra ẹ̀ tó bá jí, tẹ́ ẹ wá fi orúkọ yẹn gba xrdp wọlé, ojú dúdú ló máa ń fún yín, tàbí kó gbà yín wọlé kó tún lé yín jáde. Ẹ ní kó máa jí sórí console, ojú ọ̀rọ̀ lásán tí kò ní desktop, tàbí kẹ́ ẹ dá orúkọ kejì fún xrdp.

Láti ìta

Wọ́n ti ń ṣẹ́jú sí mi pé àsìkò ń lọ. Ẹni tó wà ní Kutọnu tó fẹ́ rí Pi tó wà ní Kétu, tó jẹ́ pé kọ́nẹ́síọ̀n fóònù ló so mọ́, ẹ má da ara yín láàmú pé ẹ fẹ́ ṣí 5900 sí ìta. Kọ́nẹ́síọ̀n fóònù sábà máa ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kan, ẹni tó wà níta ò lè dá yín mọ̀, ká tiẹ̀ ní ó ṣeé ṣe, gbogbo olè ayé ló máa wá kanlẹ̀kùn. Raspberry Pi Connect ti wà láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, inú bíráúsà lẹ ti máa rí desktop. Tailscale, tó ń so ẹ̀rọ yín pọ̀ láti òkèèrè bíi pé wọ́n wà lórí wàífáì kan, náà dáa. Kẹ́ ẹ sì dín ìwọ̀n skríìnì kù, torí gbogbo bẹ́ ẹ ṣe ń mi mouse, mégà ló ń lọ.

Èmi tiẹ̀ rò pé ìdajì yín ò nílò desktop. Ẹni tó fẹ́ mọ bí ooru ilé adìẹ ṣe rí, kí ló fẹ́ fi àwòrán òkè àti òkun ẹ̀yìn desktop ṣe? SSH tó o. Pi Zero tí mẹ́mórì ẹ̀ jẹ́ 512MB, tẹ́ ẹ fi desktop àti VNC àti bíráúsà lé e lórí, ẹ ṣàánú ẹ̀.

Ó yá, ẹ kó wọn jáde nínú ọ̀rá. Wáyà iná wà lábẹ́ fèrèsé yẹn, hotspot mi ò ní àmì kankan lórúkọ, 2.4GHz ni. Ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ pupa nìkan tí àwọ̀ ewé ò ṣẹ́jú, kó kọ́kọ́ wá, mo ní káàdì mìíràn tá a lè fi dán an wò. Ẹ̀yin tó kù, kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ kọ ohun tí SSH sọ sínú ìwé bó ṣe sọ ọ́ gan-an.